Ọmọ Mi Kì Í Yára, Ohun Tí Kò Tó Nǹkan Ló Ń Pa Á Lẹ́kún: Ṣé Agídí Ni àbí Àìsàn?

Ìyá kan láti Ìbàdàn kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́sàn-án. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, kódà ó máa ń ṣe tíṣà fún ọmọlangidi rẹ̀. Àmọ́ àárọ̀ wa ti di ogun. Màá ní kó wọ bàtà ká máa lọ, á dúró ti ìbọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́, á máa wo èèrà. Tí mo bá ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, bíi pé mi ò sọ̀rọ̀ ni. Ó ń pe àná ní ọ̀la. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì kó lè rọrùn fún un láti jẹ, ó sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé wa, á di etí, á sá wá bá mi. Ìyá ọkọ mi ní agídí ni, pé pàṣán ló máa tún un ṣe. Àbúrò mi tó wà ní London ní kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, pé ó lè jẹ́ ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá ènìyàn ṣe pọ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin ni mo rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi mọ síbẹ̀, ẹ ò ní tètè jáde nílé lọ́la, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹ̀yin àti ọmọ yìí jọ ń gbé inú ilé kan náà, ẹ jọ ń gbọ́ ariwo kan náà, aago kan náà ló wà lára ògiri yín, àmọ́ ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyá ọkọ yín fi ìwọ̀n àgbàlagbà wọn ọmọ náà, wọ́n ní kò gbọ́ràn. Àbúrò yín fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n, ó ní ara rẹ̀ kò pé. Ìwọ̀n yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, torí òun ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Àgbàlagbà mọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe gùn tó nítorí pé ó ti lò ó láìmọye ìgbà: ó ti dúró de ọkọ̀, ó ti se ẹyin, ó ti gbọ́ ìròyìn orí rédíò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni ohun tó máa ń tẹ̀lé ohun: a wẹ̀, a jẹun, bàbá ti ilẹ̀kùn, a lọ. Tí ẹ bá ní ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun tó gbọ́ ni pé kò tíì yá, á sì padà sídìí èèrà rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá ní ó yá, lójú tirẹ̀ ẹ kàn já lù ú ni. Ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀la náà wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sábà máa ń mọ̀ pé àná kì í ṣe ìsinsìnyí, pé ọ̀la náà kì í ṣe ìsinsìnyí. Èyí tó ti kọjá àti èyí tó ń bọ̀ ni kò tíì yà sọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Ó máa ń tó ọdún márùn-ún sí méje kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó máa lò wọ́n láìṣì. Ẹ má bá a jà lórí rẹ̀. Tó bá ní “Lọ́la a lọ sílé ìyá àgbà,” ẹ dá a lóhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, lánàá a lọ sílé ìyá àgbà, a jẹ ẹ̀kọ,” kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi ohun tó ṣeé fojú rí tàbí tó ṣeé gbọ́ rọ́pò aago. “Tí mo bá ti fọ àwo mẹ́ta yìí tán, bàtà ló kàn.” Ẹ jẹ́ kó rí àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tàbí kí ẹ yan orin kan tí ẹ ó máa kọ tí ẹ bá ń múra, orin kan náà lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí bàtà ti wọ ẹsẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀kẹta tó parí. Aago fóònù náà ṣeé lò, àmọ́ ó máa ń bá ọmọ lójijì torí kò rí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Orin ní tirẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń parí lọ. Ibí yìí náà ni àléébù “dúró kí bàbá ẹ dé” wà. Ohun tó ṣe láago mẹ́wàá àárọ̀ àti ìbáwí aago méje alẹ́ kì í so mọ́ra lórí ọmọ ọjọ́ orí yìí. Ohun tó máa kù lọ́kàn rẹ̀ ni pé bàbá dé, wọ́n sì bínú sí òun. Ìròyìn ayọ̀ pàápàá kò yẹ kó tètè dé etí rẹ̀ jù. Tí ẹ bá sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé ẹ ń lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ti ra ìbéèrè ọlọ́jọ́ márùn-ún fún ara yín nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti tó.

Èyí tó kàn ṣòroó gbà fún ọ̀pọ̀ òbí: kí ọmọ mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kó sì ṣe é, iṣẹ́ méjì ni wọ́n nínú ọpọlọ. Àwọn olùwádìí ní ìdánwò káàdì kan tí wọ́n ti fi wo ọmọ púpọ̀. Wọ́n á kó káàdì fún ọmọ, àwòrán ehoro wà lórí àwọn kan, ọkọ̀ ojú omi wà lórí àwọn mìíràn. Àwọn kan pupa, àwọn kan jẹ́ búlúù. Wọ́n á ní kó kọ́kọ́ fi àwọ̀ pín wọn, pupa síbí, búlúù sọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta á ṣe é láìṣì. Wọ́n á wá ní eré ti yí padà, àwòrán ni kó fi pín wọn báyìí, ehoro síbí, ọkọ̀ sọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta á ṣì máa fi àwọ̀ pín in lọ. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá bi wọ́n pé ibo ni ehoro ń lọ báyìí, wọ́n á nàka síbi tó tọ́. Káàdì tó kàn á sì tún bá ọ̀nà àtijọ́ lọ. Láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń di ẹni tó lè yí padà. Apá iwájú ọpọlọ ló ń ṣe iṣẹ́ ìdádúró àti ìyípadà yìí, òun ló sì ń pẹ́ jù kó tó gbó. Ènìyàn á lé ní ogún ọdún kí ó tó gbó tán. Nítorí náà, tí ẹ bá bi ọmọ yín pé “Kí ni mo ní kí o ṣe?” tó dáhùn pé “Kí n wọ bàtà,” tí kò sì wọ̀ ọ́, kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì tẹ̀ lé e.

Bí a ṣe ń pàṣẹ ló máa yí padà. Àṣẹ tí ẹ pa láti ilé ìdáná kì í dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń wo èèrà. Ẹ lọ bá a, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ dúró kó yíjú sí yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀. (Tí wọ́n bá ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í wo àgbà lójú, ẹ má fi dandan lé e pé kó wojú yín, kó ṣáà ti yíjú síbi tí ẹ wà.) Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo. “Wọ bàtà, mú báàgì ẹ, lọ kí ìyá àgbà, ká máa lọ” jẹ́ àṣẹ mẹ́rin, ẹ ò sì mọ èyí tó máa ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́: “Máa rìn” rọrùn fún un ju “Má sáré” lọ, torí “má sáré” ní kó kọ́kọ́ dá ohun tó ń ṣe dúró, kó tún wá ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ikùn yín. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́. A kì í kà ju mẹ́ta lọ tí a ó fi tún un sọ, tí a ó fi gbóhùn sókè, ọmọ tó ti ń to ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹẹ́wàá bá kọjá tí kò mira, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má sọ ọ́ nígbà kẹta. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ jọ lọ sídìí bàtà, ẹ wọ ẹsẹ̀ kan fún un, kí ó wọ èkejì fúnra rẹ̀.

Ti èèrà ńkọ́? Àwọn ènìyàn máa ń ní ọmọdé kò lè fọkàn sí nǹkan kan. Ó sàn ká sọ pé kò tíì mọ ohun tó yẹ kó fojú fò. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fi àwòrán méjì tó gun ara wọn, ọ̀kan pupa, ọ̀kan àwọ̀ ewé, han àwọn àgbàlagbà àti àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Wọ́n ní kí wọ́n máa kíyè sí ẹyọ kan nínú méjèèjì. Nígbà tí ìbéèrè dé, àwọn àgbà ló mọ̀ jù nípa èyí tí wọ́n ní kí wọ́n wò, àmọ́ àwọn ọmọ ló mọ̀ jù nípa èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà iléèwé rí. Ẹ̀yin ń wo aago àti ọkọ̀; ọmọ rí èèrà, ó rí ìdérí ìgò, ó rí ẹni tó ń din àkàrà, ó rí i pé omi gọ́tà òní kò rí bíi ti àná. Ẹ fi ti ara kún un. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ga tó bíi mítà kan, ojú rẹ̀ kò ju déédéé ìbàdí yín lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọjà Bódìjà kí ẹ wo ohun tó ń rí: ìdí àwọn ènìyàn, abọ́ àti àpò tó ń bọ̀ wá kọlù ú, èéfín ọ̀kadà tó ń tú jáde síwájú imú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé ó ń gbé bí ìṣísẹ̀ méjì fún ẹyọ kan tiyín. Ọ̀nà tí ẹ ń fi ìṣẹ́jú 10 rìn, ẹ kà á sí 20 fún un, láìtíì ka èèrà mọ́ ọn. Ẹ fún èèrà ní àyè tirẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ní àárọ̀, ẹ fún un ní nǹkan tí yóò máa fojú wá níwájú: “Jẹ́ ká wá géètì aláwọ̀ ewé.”

Ohun kan tí kò gba àdéhùn ni títì. Ọmọ kékeré lè rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ kedere, kó má sì lè díwọ̀n bó ṣe ń sáré tó. Bó ti wù kó ka “wo ọ̀tún, wo òsì” sórí tó, ọwọ́ àgbàlagbà ni kó wà lójú títì títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Búrẹ́dì lẹ máa rò pé ó kéré jù nínú ẹjọ́ yìí, òun ló sì díjú jù. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland tó kú ní 1980, fi hàn pé tí wọ́n bá da omi láti inú ife tó fẹ̀ sínú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga, ọmọ tí kò tíì tó bí ọdún mẹ́fà tàbí méje á ní omi náà ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dà á. Bí nǹkan ṣe rí lójú ló fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó. Àwọn ìyá wa tí ń gé ẹran kan sí wẹ́wẹ́ mẹ́ta kí ọmọ lè rò pé ó ti pọ̀ ti ń lo ọgbọ́n yìí tipẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé ìṣirò nìkan ló fa ẹkún náà. Búrẹ́dì tó pé yẹn jẹ́ ohun kan pàtó tó ti ń rò bí òun ṣe máa gbé e sẹ́nu. Nígbà tó bu, ohun náà kò sí mọ́, kò sì ṣeé lẹ̀ padà. Òun kọ́ ló bu ú, wọn kò sì bi í. Ẹ wo ọjọ́ rẹ̀ látàárọ̀: ta ló yan ìgbà tó jí, aṣọ tó wọ̀, ìgbà tó jáde? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búrẹ́dì yẹn nìkan ló kà sí tirẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó ṣáájú ẹkún. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 ṣírò rẹ̀ pé ní nǹkan bí ọdún márùn-ún, ọpọlọ ọmọ ń gba ìdá 43 nínú 100 agbára tí gbogbo ara rẹ̀ ń lò. Ebi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò mọ sùúrù. Oorun náà ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò oorun wákàtí 10 sí 13 láàárín wákàtí 24, tòun ti oorun ọ̀sán. Ọmọ tó sùn láago mẹ́wàá alẹ́ torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n mú iná wá, tí wọ́n sì jí i láago márùn-ún àbọ̀ kí ọkọ̀ má bàa dí mọ́ wọn, wákàtí méje àbọ̀ ló sùn. Oorun wákàtí kan ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kò lè dí i. Tí ẹkún ńlá bá ń wáyé lórí ohun kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kí ẹ tó wá ìdí mìíràn.

Bí búrẹ́dì bá ti wá bu ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló wà, kò sì sí èyí tó pé pérépéré. Ẹ lè fún un ní odidi mìíràn bó bá wà nílẹ̀. Ìyẹn kì í ba ọmọ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, àmọ́ tó bá di ojoojúmọ́ yóò mọ̀ pé ẹkún ló ń mú odidi wá, owó búrẹ́dì náà kò sì kéré. Tàbí kí ẹ fi èyí tó bu síwájú rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan: “O fẹ́ odidi, mo bu ú, inú bí ẹ.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ má ṣàlàyé fún un pé méjì náà ni odidi, torí ọmọ tó ti wọnú ẹkún kò gbọ́ àlàyé kankan. Èyí kejì ni màá yàn fún yín. Ó ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ àti sùúrù tí kì í sí lówùúrọ̀, nítorí náà ó sàn kí ẹ dènà rẹ̀: ẹ bi í kí ẹ tó gé e, tàbí kí ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ú.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ gbà pé ìpayà rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Bí ènìyàn ṣe ń dàgbà ni etí ń pàdánù àwọn ohùn tín-ín-rín tó ga. Tirẹ̀ ṣì ń gbọ́ wọn. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò mọ ìgbà tí ariwo náà máa bẹ̀rẹ̀, kò mọ ìgbà tó máa dáwọ́ dúró. Yíyọ ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn kúrò nínú ariwo náà jẹ́ ohun tí ọpọlọ ń kọ́ títí ọmọ á fi di ọ̀dọ́. Ìdí nìyẹn tí ọmọ kì í fi í jẹ́ ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń lọ ata tàbí nídìí spíkà níbi àríyá, tí àgbà á ní ó ń ṣe etí dídi. Bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ sọ fún un ṣáájú. Ẹ jẹ́ kó dúró lókèèrè wo ẹni tó ń fa okùn rẹ̀, kó fọwọ́ di etí bó bá fẹ́. Ẹ má fà á sún mọ́ ọn kó lè mọ́ ọn lára. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ̀rù náà le sí i. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ ìgẹrun: kí bábà kọ́kọ́ tàn án sí ọwọ́ tiyín. Àmọ́ bí èéfín jẹnẹrétọ̀ yẹn bá ń gba fèrèsé wọlé, ariwo kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bá aládùúgbò yín sọ. Afẹ́fẹ́ tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní jí ẹni tó sùn.

Ẹ kò béèrè nípa omi ìwẹ̀ àti ata, ṣùgbọ́n àárọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá wò ó sí bó ṣe wúwo tó, awọ ara rẹ̀ fẹ̀ ju tiyín lọ, ooru ń tètè jáde lára rẹ̀, òtútù ọyẹ́ tí ẹ fara dà lè mú un gan-an. Awọ náà sì tún fẹ́lẹ́, omi tí ọwọ́ yín gbà lè jó o. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ bókẹ́ẹ̀tì kí gbígbóná tó tẹ̀ lé e, ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti ata, ìrora ni lẹ́nu rẹ̀, ẹ dín in kù kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé fẹ́ràn adùn ju àgbà lọ, ìkorò sì tètè ń hàn sí ọ̀pọ̀ wọn. Ewúro tí ẹ fọ̀ títí tó fi rọ̀ lẹ́nu yín lè ṣì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku ìyá ọkọ yín. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Ní 2017, ìwádìí kan fi àwọn ọmọ ẹ̀yà Nso ní Kamẹrúùnù wé àwọn ọmọ Jámánì, ọmọ ọdún mẹ́rin ni gbogbo wọn. Wọ́n gbé ohun dídùn kan síwájú ọmọ, wọ́n ní tó bá lè dúró ìṣẹ́jú 10 láìjẹ ẹ́, yóò gba ẹyọ kan sí i; pọ́fù-pọ́fù ni wọ́n lò fún àwọn ọmọ Nso. Nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lára àwọn ọmọ Nso ló dúró, ti Jámánì kò tó ìdá 30. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti kékeré pé kó bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó sì kó ara rẹ̀ níjàánu, ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ Nso yìí. Nítorí náà Màmá kò ṣìnà tí wọ́n bá ní ọmọ ọdún mẹ́rin lè kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Pàṣán ni kò lè kọ́ ọ. Ọmọ tí wọ́n nà ń rántí ìbẹ̀rù, òfin tí wọ́n torí rẹ̀ nà án kì í sábà dúró, ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ti so ìlunilára mọ́ ìjà àti ìwà jàgídíjàgan tó ń pọ̀ sí i lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fún Màmá ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe: kí wọ́n máa rán ọmọ náà níṣẹ́. “Lọ mú ṣíbí wá” fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó di “Lọ mú ṣíbí àti ife wá.” Iṣẹ́ rírán báyìí ni ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀rọ̀ mú lórí títí ẹsẹ̀ á fi débẹ̀, ìyìn ìyá àgbà sì dùn mọ́ ọmọ ju tìyá lọ nígbà mìíràn.

Fún àárọ̀ fúnra rẹ̀, alẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù, pátá, ìbọ̀sẹ̀ àti báàgì á ti wà lórí àga kan, bàtà lábẹ́ rẹ̀. Kí ó yan ìbọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú méjì. Kí ó ti wà lórí ibùsùn láago mẹ́jọ, yálà iná dé tàbí kò dé. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ jáde láago méje kọjá ìṣẹ́jú 15, ẹ jí i láago mẹ́fà. Ẹ ya àwòrán mẹ́rin sórí páálí kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú rẹ̀ mọ: ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ, bàtà. Oúnjẹ ṣáájú aṣọ nítorí àbàwọ́n. Kó má yí padà, kódà lọ́jọ́ tí ẹ kò bá kánjú. Dípò kí ẹ máa pariwo, ẹ béèrè pé, “Kí ló kàn lára ògiri?” Tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ wà ní pípa títí bàtà á fi wọ ẹsẹ̀, kò sí ìyípadà tó le fún ọmọ bíi kí wọ́n fà á kúrò nídìí kàtúùnù. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé yóò máa burú ju ọjọ́ tó kù lọ, ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá yóò sì tú gbogbo rẹ̀ ká. Bí ẹ bá tún ní ọmọ ọwọ́, tí kò sì sí ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́, ẹ má gbìyànjú gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Oorun aago mẹ́jọ àti tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Nípa ọ̀rọ̀ àbúrò yín, lẹ́tà kì í ṣe àyẹ̀wò, mi ò sì lè fi ọ̀rọ̀ yín nìkan sọ pé kò sí nǹkan kan. Àwọn ohun tí ẹ kọ, pé ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, ó ń ṣe tíṣà fún ọmọlangidi, fini lọ́kàn balẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé yín dé ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá, UCH fún ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn, ni bí kì í bá sábà dáhùn sí orúkọ rẹ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, bí kì í nàka sí nǹkan láti fi hàn yín, bí àjèjì kò bá gbọ́ ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, tàbí bí ọ̀rọ̀ tàbí ìmọ̀ tó ti ní tẹ́lẹ̀ bá ń dínkù. Ẹ má ṣe dúró rárá lórí èyí tó gbẹ̀yìn yìí. Ẹ kíyè sí wíwò rẹ̀ náà. Ọmọ tó ń wo èèrà á mira tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Bó bá ń dánu dúró lójijì láàárín ọ̀rọ̀ tàbí oúnjẹ, tó tẹjú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 10, tí kò mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, tó wá ń bá ohun tó ń ṣe lọ bíi pé kò sí nǹkan, ó lè jẹ́ irú wárápá kan tí kì í gbé ènìyàn ṣánlẹ̀, ó sì ní oògùn. Etí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá bí ó bá ti tú rí. Ẹ má sì kán òróró tàbí ohunkóhun sí i. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ìgbà tí ẹkún bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó jẹ gbẹ̀yìn àti wákàtí tó sùn. Ẹ fi fóònù gba fídíò kúkúrú nígbà tó bá ń ṣe ohun tó ń kọ yín lóminú, kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání.